IBÀ PỌ́NJÚPỌ́NTỌ̀: OMI TÍ A KÒ DÉ ÀTI KÁÀDÌ TÍ A RÀ

  



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n á ní, kí ló kan àlùfáà kan ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní sùúrù díẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú oṣù ààwẹ̀ bí irú èyí, ẹ̀rọ omi mọ́ṣáláṣí wa bàjẹ́. A ń ra omi lọ́wọ́ àwọn tó ń ti ọmọlanke, a ń dà á sínú àgbá mẹ́ta tó wà níbi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ọmọ ilé kéwú kan sáré wá bá wa, ó ní, “Àfáà, ẹja wà nínú omi àlùwàlá o!” A rẹ́rìn-ín, a sì tẹ̀lé e lọ wò ó. Ohun tí ọmọ náà rí kì í ṣe ẹja. Tanwíji ni. Wọ́n pọ̀ lọ jàra nínú omi náà, wọ́n ń lọ sókè, wọ́n ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Nínú ọgbà ilé Ọlọ́hun, nínú omi tí a fi ń wẹ ara wa mọ́ kí a tó kírun, níbẹ̀ ni a ti ń sìn ẹ̀fọn fún gbogbo àdúgbò. Àwọn àgbà sọ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀fọn kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Èyí tó ń fa ibà tí gbogbo wa mọ̀, òru ni í máa ń jẹ ènìyàn. Èyí tó máa ń wà nínú àgbá omi mímọ́ yàtọ̀. Ó dúdú, ó ní àmì funfun tóótòòtó lára àti lẹ́sẹ̀, ojúmọmọ ló sì ń jẹni, pàápàá ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, nẹ́ẹ̀tì tí a ń ta sórí ibùsùn, bó ṣe dára tó, kò lè dá a dúró tán. Ìgbà tí ọmọ bá jókòó níwájú wàláà, tí ìyá ń fọ ewédú lẹ́yìnkùlé, ìgbà náà ni ẹ̀fọn yìí ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àrùn tó ń gbé kiri ni ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní yẹ́lò fífà.

Ibà yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ibà tí a máa ń lo oògùn fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó lọ. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Bí ẹ̀fọn tó ní i nínú bá jẹ ènìyàn, ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn náà ara á gbóná, orí á máa fọ́, ẹ̀yìn á máa dunni, èébì á máa gbéni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá ṣe ni ara wọn máa ń yá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí a bá kó irú wọn 100 jọ, bí 15 nínú wọn ni àìsàn náà máa ń yí padà wá bá, lẹ́yìn tí àwọn ará ilé ti ń dúpẹ́ pé ó ti tán. Nígbà yìí, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló máa ń kọlù. Ẹyinjú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde ní imú àti ní ẹnu, àní nínú èébì pàápàá. Ìdajì àwọn tó bá dé ipò yìí ló máa ń kú láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Títí di òní, kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà lára ènìyàn. Ìtọ́jú ni ilé ìwòsàn ń ṣe, kí ara lè fi agbára ara rẹ̀ jà.

A kò sọ pé gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n ló ní in o. Àìsàn ẹ̀dọ̀ mìíràn wà tó ń pọ́n ojú, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè fi ìyàtọ̀ hàn. A kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí àgbo. Ohun tí à ń sọ ni pé, bí ara ẹnìkan bá gbóná tí ẹyinjú rẹ̀ sì pọ́n, kí ẹ má ṣe jókòó sílé pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ máa sọ pé ibà jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ lásán ni. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹ má sì fún un ní ásípírìn láti pa ara gbígbóná, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà pọ̀ sí i.

Ǹjẹ́ ẹ̀yin ará Yábàá mọ̀ pé ní ìtòsí yín níbẹ̀ ni wọ́n ti wá ìdí àìsàn yìí? Ní 1925, àjọ Rockefeller láti Amẹ́ríkà rán ìgbìmọ̀ kan wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti wádìí rẹ̀, Yábàá ni wọ́n sì fi ṣe ibùjókòó. Nígbà náà, kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tó ń fà á ní tòótọ́. Ní oṣù kẹfà 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, ní Kpeve, ní ilẹ̀ tó ti di ara Gánà lónìí. Ibà náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò le púpọ̀, ara rẹ̀ sì yá. Wọ́n fún ọ̀bọ kan tí wọ́n kó wá láti Íńdíà ní ẹ̀jẹ̀ náà, àìsàn kọlu ọ̀bọ náà. Báyìí ni wọ́n ṣe rí fáírọ́ọ̀sì náà mú.

Iṣẹ́ yìí gba ẹ̀mí. Dókítà Adrian Stokes, ọmọ ilẹ̀ Ireland, tó wà nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, kó àìsàn yìí, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Ní oṣù karùn-ún 1928, Dókítà Hideyo Noguchi, ọmọ Japan, kú ní Accra. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, Dókítà William Young tó bá a ṣiṣẹ́ náà kú. Àìsàn tí wọ́n ń wádìí ló pa wọ́n.

Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi yẹn ni wọ́n ti rí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Dókítà Max Theiler àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní New York tọ́ fáírọ́ọ̀sì náà títí agbára ìpalára fi kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tó di 1937, abẹ́rẹ́ náà ti wà. Wọ́n fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1951. Títí di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, gbogbo abẹ́rẹ́ yẹ́lò fífà tí wọ́n ń fún ènìyàn káàkiri ayé, ìdí rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ Asibi ará Kpeve. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́hun! Nínú àìsàn ọmọ Áfíríkà kan ni Ọba Adẹ́dàá gbé ààbò fún gbogbo ẹ̀dá sí. Ànọ́bì wa kọ́ wa pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí kò sọ ìwòsàn tirẹ̀ kalẹ̀. Ti àìsàn yìí, kí ó tó dé ló ti ní ìdènà.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bí ìdènà ti wà láti 1937, kí ló dé tí ibà náà fi ń pa wá síbẹ̀? Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ wa.

Àìsàn yìí kì í tán nílẹ̀. Ìgbóòórò, tí a ń pè ní ṣọ̀pọ̀nná, ara ènìyàn nìkan ni ibùgbé rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè lé e kúrò láyé pátápátá. Yẹ́lò fífà ní ibòmíràn tó ń sá sí. Ara àwọn ọ̀bọ inú igbó ló ń gbé, àwọn ẹ̀fọn igbó ló ń gbé e láti ara ọ̀bọ kan sí òmíràn. Ọdẹ lè kó o, agégẹdú lè kó o, àgbẹ̀ lè kó o. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wọ ìlú ńlá, tí ẹ̀fọn inú àgbá jẹ ẹ́, tí ó sì lọ jẹ aládùúgbò, ibà náà ti di ti ìlú nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè gún gbogbo ọ̀bọ igbó ní abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ tí à ń bí ni à ń gún, ìran kan lẹ́yìn ìran kan. Ìran tó bá gbàgbé, ó ti ṣílẹ̀kùn.

Ẹ wo Ògbómọ̀ṣọ́. Ibà náà jà níbẹ̀ ní 1946. Ó lọ, àwọn ènìyàn gbàgbé. Ó tún padà sí agbègbè náà ní 1987, àwọn ẹ̀fọn inú ilé, èyí tó ń yé sínú omi wa, ni wọ́n gbé e káàkiri. Láàárín 1987 sí 1991, iye àwọn tí ìjọba oríṣiríṣi fi tó Àjọ Ìlera Àgbáyé létí pé ibà yìí ṣe jẹ́ 18,735, àwọn tó kú nínú wọn jẹ́ 4,522. Láti 1948 tí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò náà, kò tíì sí ọdún márùn-ún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà wa yìí ló sì ní èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ní Yábàá kan náà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń ṣe abẹ́rẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1991 iṣẹ́ náà dúró.

Ní 2004, ìjọba fi abẹ́rẹ́ náà kún àwọn tí wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò rí i gbà, àwọn tí wọ́n ti dàgbà kí ó tó dé sì wà nílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, àyẹ̀wò fi hàn pé ó ṣe ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan ní Òkè-Ọwá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Láti ibẹ̀ ló ti ń yọjú ní ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ní ìparí 2020, ó pa ènìyàn ní Delta, ní Enugu àti ní Bauchi. Ẹ má sì sọ pé ọ̀nà jìn. Mọ́tò tó ń ti Ìlọrin bọ̀ ní àárọ̀, kí Alásárì tó kọjá ó ti wọ Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo òkèèrè. Ní ìparí 2015, ibà yìí bẹ̀rẹ̀ ní Luanda, olú ìlú Angola. Ìlú ńlá bí Èkó ni, omi ẹ̀rọ kò kárí, àwọn ènìyàn ń tọ́jú omi sínú ilé. Ní 2016 ó wọ Kóńgò, títí dé Kinshasa. Abẹ́rẹ́ tí gbogbo ayé ní nípamọ́ kò tó mọ́, débi pé wọ́n ní láti pín ti ẹnìkan sí márùn-ún kí ó lè kárí ní Kinshasa. Àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà 11 sì gbé e lọ sílé láti Angola. Bí ó bá jà ní Èkó, ta ni yóò lè ka iye wa?

Ẹnìkan lè sọ pé, “Àfáà, bí Ọlọ́hun bá kọ ọ́ mọ́ni, kò sí ohun tí a lè ṣe.” Òótọ́ ni pé kádàrá wà, a gbà á gbọ́, ó wà nínú ìgbàgbọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn tó gbà á gbọ́ jù wá lọ ṣe lò ó. Nígbà tí Sayyidina Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sọ fún un lójú ọ̀nà pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó gba ìmọ̀ràn, ó sì pinnu láti yí padà. Abu Ubaida, tí òun náà jẹ́ ẹni ńlá, bi í pé ṣé kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Umar dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, láti inú kádàrá Ọlọ́hun kan ni òun ń sá bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun mìíràn. Lẹ́yìn náà ni Abdurrahman ọmọ Awf dé, tó sì jẹ́rìí pé òun gbọ́ lẹ́nu Ànọ́bì pé kí a má ṣe wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wà, kí ẹni tó bá sì wà nínú rẹ̀ má ṣe sá jáde. Umar dúpẹ́, ó padà. Ẹ̀yin ará wa, àìsàn jẹ́ kádàrá, abẹ́rẹ́ náà jẹ́ kádàrá. Ọwọ́ tí a fi ń dé àgbá omi, Ọlọ́hun ló dá a fún wa.

Ìmọ̀ràn kan tún wà láti ọ̀dọ̀ Ànọ́bì wa tó wọlé síbi ọ̀rọ̀ wa yìí. Ó ní kí a máa dé ohun èlò wa, kí a máa di ẹnu awọ omi wa, nítorí pé òru kan wà nínú ọdún tí àrùn máa ń sọ̀ kalẹ̀, ohun tí kò bá ní ìdérí ni ó máa ń bọ́ sínú rẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí ti lé ní 1,400 ọdún. Ìgbà tí kò sí awò tí a fi ń wo kòkòrò, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ẹ̀fọn ń gbé àrùn. Àwọn àgbà ilé wa náà kì í fi àmù sílẹ̀ láì dé e. Àwa tí a kàwé ni a ń fi àgbá sílẹ̀ ní gbangba.

Nítorí náà, ohun tí a ní kí ẹ ṣe rèé. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni ààwẹ̀ ti ń bọ́ sí ní àwọn ọdún yìí, ìgbà tí omi wọ́n, tí olúkúlùkù ń pọn omi pamọ́. Ẹ tọ́jú omi, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ dé e. Bí àgbá kò bá ní ìdérí, ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó, kí ẹ so ó yíká. Ẹ̀fọn yìí kì í yé ẹyin rẹ̀ sínú omi gan-an. Ara ògiri àgbá, lókè omi díẹ̀, ló máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹyin náà lè gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó má kú. Bí omi tuntun bá kàn án, á pa. Ìdí nìyẹn tí dída omi nù kò fi tó. Ẹ fi kànìnkànìn àti ọṣẹ bó ara àgbá náà nínú. Láti ẹyin títí di ẹ̀fọn tó ń fò, bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ni. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ máa fọ̀ ọ́. Ní mọ́ṣáláṣí wa, àárọ̀ Jímọ̀ ni a fi ṣe é. Bí a ti ń wẹ̀ fún Jímọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ń wẹ àgbá. Àwọn ọmọ ilé kéwú ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá “ẹja” ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ yẹ agolo, ìgò, àti ìkòkò òdòdó wò. Ẹ̀yin ará wa tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀, àti ẹ̀yin fọkanáísà níbi gbogbo, táyà àlòkù tí ẹ tò síta, bí òjò kan ṣoṣo bá rọ̀ sí i, ilé ẹ̀fọn ló dà. Ẹ lu ú ní ihò, tàbí kí ẹ kó o sábẹ́ òrùlé. Èyí kì í ṣe ti yẹ́lò fífà nìkan o. Ẹ̀fọn kan náà ló ń gbé ibà tí wọ́n ń pè ní dẹ́ńgè, àti chikungunya tó ń mú kí oríkèé máa ro ènìyàn fún ọ̀pọ̀ oṣù, débi pé ìforíkanlẹ̀ pàápàá á nira. Abẹ́rẹ́ yẹ́lò fífà kò ran àwọn wọ̀nyí. Ìdérí omi ran gbogbo wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ káàdì. Èyí ló ṣòro fún wa láti sọ, ṣùgbọ́n oṣù òtítọ́ la wà.

Gbogbo ẹni tó bá ti lọ sí Hájì láti Nàìjíríà mọ káàdì yẹ́lò. Ẹ̀rí ni, pé wọ́n ti gún ẹni tó mú un dání ní abẹ́rẹ́. Ilẹ̀ Saudi ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa, nítorí pé àwọn ènìyàn láti gbogbo ayé ló ń pàdé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa mọ̀ pé àwọn kan ń ta káàdì náà láìsí abẹ́rẹ́. Ní oṣù kẹta 2012, South Africa dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà láti pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ní àwọn kò gba káàdì wọn gbọ́. Ìjọba wa bínú, South Africa sì tọrọ àforíjì. A kò sọ pé àwọn tí wọ́n dá padà jẹ̀bi. Ohun tó dùn wá ni pé iyèméjì ti bo káàdì wa mọ́lẹ̀, ẹni tó gún abẹ́rẹ́ àti ẹni tó fowó rà á ti di ọ̀kan náà lójú aráyé.

Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí jẹ̀bi rí. Nígbà tí a kọ́kọ́ ń lọ sí Hájì, ẹni tó bá wa ṣètò ìwé wa gba fọ́tò àti owó lọ́wọ́ wa, ó sì mú káàdì bọ̀ ní ọjọ́ kejì. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, ìfọwọ́sí wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò kàn wá lára. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó mú ọ̀rọ̀ rọrùn. A wọ aṣọ àrámí, a dúró ní Àráfà, a sunkún, a tọrọ àforíjìn ẹ̀ṣẹ̀ tí a rántí, èyí tó wà nínú àpò wa kò wá sọ́kàn wa. Nígbà tí a gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ Kwara yẹn ní 2017, a ṣí àpótí ìwé wa, a sì rí káàdì náà. Irọ́ ni, ó sì ní orúkọ wa lára. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ní ọ̀sẹ̀ náà, a lọ gba abẹ́rẹ́, a sì ya káàdì àtijọ́ náà.

Ẹ̀yin ará wa, káàdì èké jẹ́ ẹ̀rí èké, ẹ mọ ibi tí ẹ̀sìn wa to ẹ̀rí èké sí láàárín àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ wo òmùgọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ pápákọ̀ nìkan ni káàdì èké lè tàn jẹ. Ẹ̀fọn kì í ka òǹtẹ̀. Láti oṣù keje 2019 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ káàdì tuntun tí wọ́n lè fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò, èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ju gbogbo ẹ̀rọ lọ ni ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Ẹ̀yin tó ń ṣètò Hájì fún àwọn ènìyàn, àmáná ni wọ́n lọ́wọ́ yín. Ẹ mú wọn lọ gba abẹ́rẹ́ ní tòótọ́, kí ó ku ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó wọ bàálù, nítorí ọjọ́ kẹwàá ni ẹ̀rí rẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín pé ẹ ní láti tún un gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Láti oṣù keje 2016 ni òfin àgbáyé ti yí padà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó títí ayé.

Ẹ óò bi wá pé, ṣé abẹ́rẹ́ ń ba ààwẹ̀ jẹ́? Àwọn onímọ̀ Àkádẹ́mì Fíkíhì àgbáyé tó jókòó ní Jeddah ní 1997 ti wò ó. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ tí a gún sí abẹ́ awọ tàbí sínú ẹran ara, tí kì í ṣe oúnjẹ, kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Irú èyí ni abẹ́rẹ́ yẹ́lò fífà. Bí ara ẹni tó gbà á bá gbóná díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí ààwẹ̀ sì ni ín lára, ẹ̀sìn wa fún aláìsàn ní ààyè láti ṣínu kí ó san án padà.

Ẹ̀yin ìyá, oṣù kẹsàn-án ni ọmọ ń gbà á, ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìgbóná tí a ń pè ní èéyi. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìlera ìjọba. Ẹ má ṣe sọ pé ọmọ ti gba púpọ̀, kí ẹ fi èyí sílẹ̀. Aláboyún, ẹni tí ẹyin adìẹ kì í bá lára mu rárá, ẹni tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára, àti ẹni tó ti lé ní 60 ọdún tí kò gbà á rí, kí wọ́n kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni àwa tó lè gbà á ń gbà á fún. Bí àwa kò bá kó o, kò ní sí ẹ̀fọn tí yóò ti ara wa gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kó ọ̀rọ̀ wa nílẹ̀. Àìsàn yìí wà nínú igbó, kò ní í lọ. Ohun méjì ló ń gbé e dé ilé wa: omi tí a kò dé àti káàdì tí a rà. Àwọn méjèèjì wà ní ìkáwọ́ wa. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Lónìí, kí ìṣínu tó tó, kí olúkúlùkù dìde lọ wo àgbá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Lọ́la, kí ó wo káàdì tó wà nínú àpótí rẹ̀, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òtítọ́ ni.

Ọlọ́hun, Ọba Olùwòsàn, má ṣe fi àjàkálẹ̀ àrùn dán ìlú Èkó wò. Wo àwọn aláìsàn wa sàn. Ṣíjú àánú wo gbogbo àwọn tí àìsàn yìí ti pa, àti àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Dárí èké tí a ti ṣe jì wá, èyí tí a rántí àti èyí tí a gbàgbé sínú àpótí. Gba ààwẹ̀ wa, gba ìrun wa, jẹ́ kí a tún rí ààwẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ pẹ̀lú àlááfíà. Àmín.